Bí Ẹ Ṣe Lè To Kọ́ọ̀dù Olóhùn Mẹ́ta Lórí Píánò Kí Ọwọ́ Má Máa Fò Kiri

Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀dù (ìyẹn àwọn nóòtù tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) C, G, Am àti F ti ní ohun tó tó láti fi tẹ ọ̀pọ̀ orin pọ́ọ̀pù. Ohun tó sábà máa ń tú akẹ́kọ̀ọ́ fó kì í ṣe kọ́ọ̀dù tí kò mọ̀. Bí ó ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì ni. Ọwọ́ rẹ̀ á máa tọ pọ́ún-pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́, orin á sì máa já ní gbogbo ìgbà tó bá fò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ píánò ń tẹ kọ́ọ̀dù mẹ́rin kan náà yẹn, àmọ́ ọwọ́ tirẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ìka ló ń sún díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe ń to àwọn ohùn inú kọ́ọ̀dù báyìí ni àwọn olórin ń pè ní fọ́ísìn.

Ohùn mẹ́ta, kíkà méjì

Kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta ní ìpìlẹ̀, ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún. Nínú kọ́ọ̀dù C, C ni ìpìlẹ̀, E ni ẹ̀kẹta, G ni ẹ̀karùn-ún. Ẹni tó mọ do-re-mi yóò gbọ́ wọn bíi do, mi, so.

Láti orí nóòtù kan sí èyí tó kàn án gan-an, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú, ìgbésẹ̀ kan ni. Kọ́ọ̀dù méjọ̀ ń gba ìgbésẹ̀ 4 láti ìpìlẹ̀ dé ẹ̀kẹta, ó wá ń gba 3 láti ibẹ̀ dé ẹ̀karùn-ún. Máínọ̀ yí i po: 3 ló kọ́kọ́ wá, 4 tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ̀kẹta nìkan ló ń ya méjọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára máínọ̀. Ẹ sún E inú kọ́ọ̀dù C sí òsì ní ìgbésẹ̀ kan, ó ti di Cm nìyẹn (m dúró fún máínọ̀).

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í kà ni pé wọ́n á ka nóòtù tí ìka wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá ń kà láti C, C kì í ṣe 1. C#, nóòtù dúdú tó wà lápá ọ̀tún C, ni 1, D ni 2, D# ni 3, E ni 4.

Nínú kíì C (ìyẹn nígbà tí C bá jẹ́ do), nóòtù funfun nìkan lè fún wa ní kọ́ọ̀dù méje: C, Dm, Em, F, G, Am àti B tó jẹ́ ìgbésẹ̀ 3 àti 3. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ nínú orin pọ́ọ̀pù, ẹ lè fi í sílẹ̀ ná. Àwọn olórin máa ń fi nọ́ńbà pe àwọn yòókù kí wọ́n lè gbé orin láti kíì kan sí òmíràn láìṣe wàhálà: C ni 1, Dm ni 2, Em ni 3, F ni 4, G ni 5, Am ni 6. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ tẹ 1-5-6-4 nínú kíì C, C, G, Am, F ló ń wí.

Kọ́ọ̀dù kan, ìdúró mẹ́ta

C–E–G, E–G–C àti G–C–E: kọ́ọ̀dù C ni gbogbo wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní ìdúró ìpìlẹ̀, ìkejì ní yíyí kìn-ín-ní, ìkẹta ní yíyí kejì. Láti yí kọ́ọ̀dù, ẹ mú nóòtù ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ gbé e lọ sókè ní ọ́kítéèfù kan, ìyẹn sórí nóòtù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tó tẹ̀ lé e lókè. Àwọn méjì yòókù kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Ìka tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Àtàńpàkò ni 1, ìka tó kéré jù ni 5. Fún ọwọ́ ọ̀tún, ìdúró ìpìlẹ̀ jẹ́ 1-3-5, yíyí kìn-ín-ní jẹ́ 1-2-5, yíyí kejì sì padà sí 1-3-5. Fún ọwọ́ òsì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìdúró ìpìlẹ̀ àti yíyí kìn-ín-ní jẹ́ 5-3-1, yíyí kejì jẹ́ 5-2-1. Ìdí rẹ̀ ni pé àlàfo tó fẹ̀ jù nínú kọ́ọ̀dù ń yí ipò padà, ìka tó yẹ kó bo àlàfo náà sì gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi 1-3-5 tẹ E–G–C yóò rí i pé ọrùn ọwọ́ òun ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá pẹ́ títí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé nóòtù wọn láìjẹ́ kó dún. Tí gbogbo wọn bá ti jókòó, ẹ wá tẹ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń dún tẹ̀léra, “tà-rà-ràn”, ọwọ́ ń dé ibi tó ń lọ lẹ́yìn àkókò nìyẹn. Ẹ dín eré kù. Àtúnṣe mìíràn kò sí.

Ilé mẹ́ta fún kọ́ọ̀dù mẹ́rin

Níbí ni ẹ ó ti lo àkókò yín jù. Ẹ wá C àárín: lórí píánò onínóòtù 88, C kẹrin láti òsì ni, lórí kíbọ́ọ̀dù onínóòtù 61 tó bẹ̀rẹ̀ láti C, C kẹta ni. Ọwọ́ ọ̀tún yóò máa gbé ní agbègbè rẹ̀.

Tí ẹ bá tẹ C, G, Am, F ní ìdúró ìpìlẹ̀ nìkan, ìgbésẹ̀ 7 ni ọwọ́ yóò fò láti C lọ sí G. Ẹ wo bí ó ṣe rí tí ẹ bá yí wọn. Ilé kìn-ín-ní, tó bẹ̀rẹ̀ láti G tó wà nísàlẹ̀ C àárín:

C: G–C–E
G: G–B–D
Am: A–C–E
F: A–C–F

Láti C sí G, G kò kúrò lójú kan. C sún sí B, E sún sí D. Láti G sí Am, gbogbo ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè sí nóòtù funfun tó tẹ̀ lé e. Láti Am sí F, A àti C dúró, E nìkan ló bọ́ sórí F. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà sí C, C dúró, A padà sí G, F padà sí E. Kò sí ìka tó rìn ju ìgbésẹ̀ 2 lọ ní gbogbo ìrìn yìí.

Ilé kejì bẹ̀rẹ̀ láti C àárín gan-an:

C: C–E–G
G: B–D–G
Am: C–E–A
F: C–F–A

Ilé kẹta wà lókè díẹ̀ sí i:

C: E–G–C
G: D–G–B
Am: E–A–C
F: F–A–C

Kọ́ọ̀dù kan náà ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìró wọn kò jọra. Etí olùgbọ́ máa ń tẹ̀ lé nóòtù tó wà lókè jù, bíi pé orin kékeré kan ń lọ níbẹ̀. Nínú ilé kìn-ín-ní, òkè ń kọ E, D, E, F. Nínú ìkejì, ó ń kọ G, G, A, A. Nínú ìkẹta, C, B, C, C ni, ìyẹn fi dúró sójú kan jù, ó sì ṣe déédéé fún ẹsẹ orin tí ẹ kò fẹ́ kí píánò gba orin mọ́ akọrin lọ́wọ́. Ọ̀nà kan tó rọrùn láti jẹ́ kí ègbè orin ga ju ẹsẹ lọ ni kí ẹ fi ilé kìn-ín-ní tẹ ẹsẹ, kí ẹ wá bọ́ sí ilé kẹta nígbà tí ègbè bá dé. Ẹ kò fi kọ́ọ̀dù kankan kún un, bẹ́ẹ̀ ni orin ti gbéra.

Ẹ fi mẹtirónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, sí 60, kọ́ọ̀dù kan fún bíìtì mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ilé kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má bọ́ sí ilé kejì títí ẹ ó fi lè tẹ ti àkọ́kọ́ yípo ní ìgbà mẹ́wàá láì wo ọwọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dín in kù sí bíìtì méjì fún kọ́ọ̀dù kan, kí ẹ tó gbé eré mẹtirónóòmù sókè. Àṣìṣe tí ó máa ń yọjú ní ìpele yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé gbogbo ọwọ́ kúrò lórí píánò kó tó tẹ kọ́ọ̀dù tó kàn. Ìka tí nóòtù rẹ̀ kò yí kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ; ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àwọn tó kù máa rìn yí i ká.

Ọwọ́ òsì: má kún ìsàlẹ̀

Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń tẹ kọ́ọ̀dù tó pé, ìpìlẹ̀ nìkan ni ọwọ́ òsì nílò. C fún C, G fún G, A fún Am, F fún F. Nítorí pé ìpìlẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, bí ó ti wù kí ọwọ́ ọ̀tún yí kọ́ọ̀dù po, etí ṣì máa gbọ́ ọ bíi kọ́ọ̀dù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí nóòtù kan bá ti mọ́ra, ẹ sọ ọ́ di ọ́kítéèfù, ìka 5 àti 1. Tí ẹ bá fẹ́ kó tún kún sí i, ẹ fi ẹ̀karùn-ún sí àárín wọn pẹ̀lú ìka 2: C–G–C.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ gbọ́: ẹ tẹ C–E–G ní ọ́kítéèfù méjì sí ìsàlẹ̀ C àárín. Ìró rẹ̀ á dàrú, á máa kùn bí ẹ̀rọ. Ní agbègbè C àárín, C ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 262 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E ń gbọ̀n ní 330. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 68, etí sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọ́kítéèfù méjì sí ìsàlẹ̀, C jẹ́ 65, E jẹ́ 82. Ìyàtọ̀ 17 péré kò tó, ìró méjèèjì ń gbún ara wọn. Ọ́kítéèfù àti ẹ̀karùn-ún jìnnà síra tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń mọ́ níbẹ̀. Òfin tó rọrùn: bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó ni kí àlàfo àárín ìka yín máa fẹ̀ tó.

Tí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń ta gìtá béèsì, ọwọ́ òsì yín ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e sókè, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹni méjì kò lè jókòó sórí àga kan.

Kọ́ọ̀dù tó ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá rí C/E tàbí G/B lórí ìwé orin, lẹ́tà àkọ́kọ́ ni kọ́ọ̀dù ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé ìlà ni nóòtù ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí béèsì (nóòtù tó wà nísàlẹ̀ jù) rìn dípò kó fò. Ẹ tẹ C, G/B, Am, Am/G, F, kí ẹ sì fi etí sí ọwọ́ òsì: C, B, A, G, F, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀.

Nínú G/B, ẹ̀kẹta ti wà ní ọwọ́ òsì. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá tún tẹ B mọ́ ọn, B á borí àwọn yòókù, kọ́ọ̀dù á dún bíi pé ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún: D–G ti tó, tàbí G–D–G. Bákan náà ni fún C/E: G–C tàbí C–G–C.

Ohùn mẹ́ta tó ń dún bíi mẹ́rin

Apá yìí ló dùn jù, ó sì yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìwé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kì í sọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún kò ní kọ́ nǹkan tuntun kankan. Ẹ kàn yí nóòtù ọwọ́ òsì padà.

Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù C ní ọ̀tún, A ní òsì: Am7 ni. Kọ́ọ̀dù Am ní ọ̀tún, F ní òsì: Fmaj7. Em ní ọ̀tún, C ní òsì: Cmaj7. F ní ọ̀tún, G ní òsì: G tó ń wá ibi tó máa balẹ̀ sí, tí àwọn olórin pọ́ọ̀pù fẹ́ràn láti lò dípò G lásán kí wọ́n tó padà sí C. Ìró tí ènìyàn rò pé ó le ni gbogbo wọn, ohùn mẹ́ta tí ẹ ti mọ̀ ni.

Èyí mú kí ẹ lè ṣe ohun kan tó gbajúmọ̀ gan-an: ẹ fi ìka 5 di G mú lókè, kí ẹ má sì gbé e kúrò ní gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀dù ń yí. C: C–E–G. G: B–D–G. Fún Am, ẹ padà sí C–E–G lórí béèsì A. Fún F, ẹ tẹ A–C–G lórí béèsì F. Nóòtù tó dúró yẹn ló so orin pọ̀.

Ẹ tún lè yọ ẹ̀kẹta kúrò fúngbà díẹ̀. Tí ẹ bá fi F rọ́pò E nínú C–E–G, ó di Csus4. D ló máa sọ ọ́ di Csus2. Csus4 ń fẹ́ padà sílé: ẹ dì í mú fún bíìtì méjì, kí ẹ wá sọ F padà sí E. Ẹ má ṣe é lórí gbogbo kọ́ọ̀dù. Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń dún bí ẹni tí kò lè pinnu.

Nígbà tí orin bá falẹ̀

Orin tó rọra ń lọ máa ń fẹ́ àyè nínú kọ́ọ̀dù. Ẹ mú C–E–G, kí ẹ gbé E sókè ní ọ́kítéèfù kan: C–G–E. Òsì á tẹ C àti G, ọ̀tún á tẹ E. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù: G–D–B, A–E–C, F–C–A. Ohùn mẹ́ta péré ni, ó sì ń dún ju ọwọ́ méjì tó kún fún nóòtù lọ. Tí ọwọ́ òsì nìkan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìka 5 tẹ C, kí ìka 2 tẹ G, kí àtàńpàkò wá lọ bá E. Ẹ jẹ́ kí ìka 5 fi C sílẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ tipátipá. Pẹ́dààlì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni yóò di ìró mú.

Àkókò ẹsẹ̀ lórí pẹ́dààlì ni olùbẹ̀rẹ̀ ń ṣì jù. Wọ́n máa ń tẹ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ pọ̀, tàbí kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orin fi parí. Ọ̀nà tó tọ́: ọwọ́ tẹ kọ́ọ̀dù tuntun, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ gòkè, lẹ́yìn náà ló tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí kọ́ọ̀dù. Tí ẹsẹ̀ bá gòkè ṣáájú ọwọ́, àlàfo á wà. Tó bá pẹ́ kó tó gòkè, C ti kọ́ọ̀dù C àti B ti kọ́ọ̀dù G á pàdé, ìgbésẹ̀ kan ló sì wà láàárín wọn, kò ní dùn gbọ́. Lórí kíbọ́ọ̀dù, bí pẹ́dààlì bá ń ṣiṣẹ́ lódìkejì, tó ń di ìró mú nígbà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ ki okùn pẹ́dààlì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tàn án láìfi ẹsẹ̀ kan pẹ́dààlì. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń wo ipò pẹ́dààlì nígbà tí wọ́n bá tàn.

Gbígbé e lọ sí kíì mìíràn

Bí ẹ bá fi ojú wo àwọ̀ nóòtù, kọ́ọ̀dù méjọ̀ 12 kò ṣòroó há sórí. C, F, G: gbogbo rẹ̀ funfun. D, E, A: dúdú wà láàárín. Db, Eb, Ab (b túmọ̀ sí ìgbésẹ̀ kan sí òsì): funfun wà láàárín. F# jẹ́ dúdú látòkè délẹ̀. Bb àti B nìkan ló ní ìrísí tiwọn: Bb jẹ́ dúdú, funfun, funfun; B jẹ́ funfun, dúdú, dúdú.

Fún kíì G, 1-5-6-4 di G: G–B–D, D: F#–A–D, Em: G–B–E, C: G–C–E. Fún kíì D, ẹ lo A–D–F#, A–C#–E, B–D–F#, B–D–G. Fún F: A–C–F, G–C–E, A–D–F, Bb–D–F. Ẹ kíyè sí i pé ilé mẹ́ta tí ẹ ti mọ̀ nínú kíì C náà ni, ìlú tuntun ni wọ́n kó lọ. A yan èyí tó máa jẹ́ kí ọwọ́ ṣì wà nítòsí C àárín nínú kíì kọ̀ọ̀kan.

Bọ́tìnnì tó ń gbé kíì sókè sódò wà lára kíbọ́ọ̀dù púpọ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ tí akọrin bá yí ọ̀rọ̀ padà lójijì. Ẹ kàn rántí dá a padà sí òfo lẹ́yìn orin náà, kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ orin tó kàn ní kíì tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ fún akọrin, ẹ jẹ́ kí nóòtù òkè ọwọ́ ọ̀tún wà ní ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ tàbí kó bá a dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tẹ orin láìsí akọrin, orin gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lókè: ẹ wo nóòtù orin, kí ẹ yan ìdúró tó fi í sábẹ́ ìka 5. Tí orin bá wà lórí E, tí kọ́ọ̀dù sì jẹ́ C, G–C–E ni. Tó bá wà lórí G, C–E–G. Tó bá wà lórí D, tí kò sí nínú C rárá, ẹ tẹ G–C nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi E sílẹ̀ títí orin á fi kọjá. Kí ìka 5 lè dún ju àwọn yòókù lọ, ẹ fi ìka méjì tó kù kan nóòtù wọn láìjẹ́ kó dún, kí ẹ tẹ ìka 5 nìkan kíkankíkan ní ìgbà mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí àwọn méjì náà dún, ní ìdajì agbára tí ẹ fi tẹ ìka 5.